Agolo Tí Yésúfù Fi Ránṣẹ́

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì, 1968

Yésúfù ọmọ mi,

Mo kí ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kí ọ fún ara mi, mo sì kí ọ fún ìyá rẹ tó jókòó tì mí tó ń wo ẹnu kálàmù bí ẹni pé òun náà mọ̀wé. Àlàáfíà ni a wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kúbúrá àbúrò rẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé kan lápá Òkè Bọ́lá, ó sì ń jágbe mọ́ gbogbo wa nínú ilé bí ẹni pé kíláàsì rẹ̀ la wà.

Lẹ́tà rẹ tó dé ní Jímọ̀ ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. O ní o ti kúrò níbi tí o ti ń wọn irin ní ilé ìwádìí yín, pé wọ́n ti mú ọ lọ sí yàrá gáàsì. O kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo kà á tán, mo tún un kà.

Yésúfù, ṣé o ti gbàgbé Sàídì ni? Ọmọ ìyá mi ni, àbúrò tó tẹ̀ lé mi gan-an. Ó da omi lé òkúta kábáàdì nínú dúrọ́ọ̀mù bó ti ń ṣe lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́fà, gáàsì ń jáde, ó fẹ́ fi jó irin. Mo ní kí n lọ ra ìṣó ní Ọjà'ba. N kò tíì kọjá Mápó tí mo gbọ́ ìró. Nígbà tí mo sáré padà, orí páànù ilé kejì ni a ti rí ìdérí dúrọ́ọ̀mù náà. Bí a ṣe bá Sàídì, n kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ títí di òní, n kò sì ní í kọ ọ́ síbí. Mò ń bá iṣẹ́ wẹ́dà lọ ní Bẹẹrẹ nítorí pé òun ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí mo máa tan iná tí n kì í kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ ìdérí dúrọ́ọ̀mù wò.

Gáàsì kábáàdì lèyí o. Ìwọ wá ní haidirójìn tí ẹ̀yin ń lò fúyẹ́ ju gbogbo gáàsì ayé lọ, pé bó bá ń jó lọ́sàn-án, ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí iná rẹ̀. Iná tí ojú kò rí! Báwo ni èèyàn ṣe máa sá fún un?

Bẹ àwọn ọ̀gá rẹ kí wọ́n dá ọ padà sídìí iṣẹ́ rẹ àtijọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, di ẹrù rẹ kí o máa bọ̀ nílé. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé òun kò fi ọmọ òun ránṣẹ́ sí ikú ní Ìlú Òyìnbó. Má jẹ́ kí oṣù yìí tán kí o tó fèsì.

Èmi bàbá rẹ,
Sàláúdéènì Àyìnlá


Bámíńgáàmù, Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejì, 1968

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín láti ìhín, bí òtútù tilẹ̀ fẹ́ lẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ sọ fún Kúbúrá pé kó rọra.

Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gáàsì tí à ń lò kì í gbé inú dúrọ́ọ̀mù. Inú irin ló ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí èmi náà ṣe fi ojú mi rí i.

Irin méjì la máa ń yọ́ pọ̀. Ọ̀kan ni níkẹ́ẹ̀lì, èkejì jẹ́ irin funfun kan tó fúyẹ́ bí igi gbígbẹ, magínísíọ̀mù lorúkọ rẹ̀. Bí àdàlù náà bá tutù, a ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a ó kó o sínú páìpù tó nípọn, a ó mú un gbóná, a ó wá ṣí gáàsì sí i. Bàbá, ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Gáàsì náà á kàn máa dínkù ni, irin ń mu ún. Kì í ṣe pé ó wọ inú ihò o, ó wọ inú ara irin gan-an, bí omi ṣe ń wọ inú gàrí. Irin á sán, á fọ́ fúnra rẹ̀ títí á fi di ìyẹ̀fun dúdú. Bí a bá sì fẹ́ gba gáàsì wa padà, a ó tún mú un gbóná dáadáa, á pọ̀ ọ́ jáde pátá. Bí kò bá ti gbóná, jẹ́ẹ́ ló máa jókòó. Kò sí dúrọ́ọ̀mù tó ń wú. Kò sí ìdérí tó máa fò. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hilda, ní lọ́jọ́ kan ọkọ̀ akẹ́rù máa fi irú irin yìí rìn dípò epo bẹntiróòlù.

Kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín kàn án, mo ti bu díẹ̀ sínú agolo idẹ kékeré kan, kò tó ṣíbí méjì. Mo yí ìdérí rẹ̀ le, mo fi ìda dí i. Louisa ló ń mú un bọ̀, nọ́ọ̀sì kan tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà ní Òkè Bọ́lá. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ á ṣí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù tó ń bọ̀. Mo ní kó fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ ṣí i, ẹ dà á sí àtẹ́lẹwọ́ yín, kí ẹ wò ó. Gáàsì tí ẹ ń bẹ̀rù ń sùn níbẹ̀.

Èmi ò bẹ̀rù, Bàbá. Ẹ̀yin náà, ẹ má bẹ̀rù mọ́.

Ọmọ yín,
Yésúfù


Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, 1968

Yésúfù,

A ti ṣe Iléyá láyọ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kí a ṣe ti ẹ̀ẹ̀míì pẹ̀lú rẹ. Ìyá rẹ bu ẹran tìrẹ sọ́tọ̀ títí ó fi fẹ́ bàjẹ́ kó tó jẹ́ kí a jẹ ẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo gbé e lọ bá Ezekiel aládùúgbò wa, akọ̀wé tó fẹ̀yìn tì ní Agodi, kó lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Òun ní òun ti rí irú rẹ̀ kà nínú ìwé ìròyìn, pé ọgbọ́n ńlá ni. Inú mi dùn díẹ̀. Mo sun oorun ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ kẹta, mò ń fi fáìlì fá ẹnu irin kan ní ṣọ́ọ̀bù, eruku irin náà sì fò lọ sínú iná. Ó ta pàrà, ó jó funfun. Irin ńlá tó wà nínú iná kan náà kò jó, ó kàn pupa ni. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo wá rántí ohun tí o kọ.

Wàá dá mi lóhùn lórí èyí dáadáa. O ní irin yín á fọ́ títí á fi di ìyẹ̀fun, àti pé gáàsì kún inú hóró kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ̀fun irin lásán ń jó, mo fi ojú mi rí i. Èyí tí gáàsì kún inú rẹ̀ wá ńkọ́? O sọ bí gáàsì ṣe ń wọlé fún mi, o sọ bó ṣe ń jáde. O kò sọ ohun tí ìyẹ̀fun náà máa ń ṣe bí ó bá pàdé atẹ́gùn. Níbo ni àwọn ọ̀gá rẹ ti máa ń ṣí i? Ṣé ní gbangba ni? Ṣé ìwọ alára ti dà á sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ rí?

Agolo náà kò tíì dé. Ìyá rẹ ní bó bá dé, kò gbọdọ̀ wọ inú ilé, ṣọ́ọ̀bù ló máa gbé.

Bàbá rẹ ni mí,
Sàláúdéènì Àyìnlá


Bámíńgáàmù.
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta, 1968

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka ìlà kejì, bí agolo náà bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ẹ má ṣí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Ẹ má gbé e súnmọ́ iná. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Ẹ wa ihò jíjìn níbi tí èèyàn kì í gbà, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí i, ẹ gbé agolo náà sí àárín, ẹ tún da iyanrìn gbígbẹ bò ó.

Lẹ́tà yín dé ní Ọjọ́rú. Mo ka ìbéèrè yín, n kò rí èsì. Inú àpótí gíláàsì kan la ti máa ń ṣí ìyẹ̀fun náà, atẹ́gùn inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí iná kò lè jó nínú rẹ̀. Mo rò pé nítorí kí ìdọ̀tí má baà wọ̀ ọ́ ni. Nínú àpótí yẹn ni mo ti dí agolo yín. N kò tíì rí i kó pàdé atẹ́gùn rí láyé mi, Bàbá, n kò sì bi ẹnikẹ́ni. Mo kàn kọ̀wé sí yín pé kí ẹ dà á sọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì gan-an, ìgò kan bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó fọ́ sórí tábìlì. Ìyẹ̀fun náà kọ́kọ́ ṣe jẹ́ẹ́. Kí a tó mọ̀, ó ti ń pupa láti àárín bí ẹyin iná tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ọkùnrin náà da omi lé e. Hilda pariwo pé, “Omi kọ́ o!” ṣùgbọ́n ó ti dà á. Iná funfun kan ta láti orí tábìlì, ó kan àjà. Irin náà ń já omi sí méjì, ó ń tú gáàsì sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún ń jó o. Iyanrìn ni Hilda fi pa á. Ọkùnrin náà jó ní ọrùn. Èmi jó ní ìka méjì, ìdí nìyí tí ìwé mi fi rí báyìí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parọ́rọ́, mo lọ bá Hilda. Mo ní, “Mo bu díẹ̀ níbẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá mi.”

Ó ní, “Èwo?”

Mo ní, “Irú èyí.”

Ó jókòó. Ó ní, “Ṣé ó ti dé ọwọ́ rẹ̀?” Mo ní n kò mọ̀. Ó fa bébà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wáyà ní èdè Òyìnbó, nítorí wọ́n ti di ọwọ́ tèmi. Ó ní ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀, kó má baà rú yín lójú. Ewu, agolo, ẹ sin ín, iyanrìn gbígbẹ, orúkọ mi. Àná la fi ránṣẹ́. Ó yẹ kó ti ṣáájú lẹ́tà yìí dé.

N kò tọrọ ìyẹ̀fun náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó bù ú. Wọ́n á pè mí lẹ́jọ́. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fèsì lọ́jọ́ tí ẹ bá rí èyí.

Yésúfù


Bámíńgáàmù.
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin, 1968

Bàbá mi, ìyá mi, Kúbúrá,

Mo kí gbogbo yín. Ṣé ẹ wà? Ọjọ́ kẹtàlá nìyí tí wáyà ti lọ. N kò gbọ́ ohùn kan.

Louisa kọ̀wé sí mi lánàá. Ó ní òun fi agolo náà lé yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó kọjá, pé ẹ rẹ́rìn-ín, pé ẹ gbé e sí àpò àyà ẹ̀wù yín, ẹ sì fi ọwọ́ bò ó. Láti ìgbà tí mo ti ka ìyẹn, n kò lè jẹun. Mo ti lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n bi wọ́n bóyá wáyà náà dé lóòótọ́. Wọ́n ní ó dé Ìbàdàn, wọ́n fún ẹnìkan lọ́wọ́. Ta ni wọ́n fún? Kí lẹni náà ṣe?

Bó bá jẹ́ pé inú ló ń bí yín tí ẹ kò fi kọ̀wé, ẹ bú mi nínú bébà, ẹ fi ránṣẹ́. Kí n ṣáà rí ọwọ́ ìwé yín.

Yésúfù


Ilé Alágbẹ̀dẹ, Àrẹ̀mọ.
Ọjọ́ keje oṣù Kẹrin, 1968

Ẹ̀gbọ́n mi Yésúfù,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ka lẹ́tà yìí. Ẹ má bínú sí bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Jímọ̀ tó kọjá ni lẹ́tà yín ti ọjọ́ kejìlélógún tó dé. Àwọn tó ń yẹ lẹ́tà wò nítorí ogun ti já a, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ padà. Mo rí orúkọ yín lẹ́yìn àpò ìwé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti ń sunkún òkú yín.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹta, ni wáyà dé. Òjò ń rọ̀, ẹni tó mú un wá rẹ gbingbin, ìwé náà ti mu omi. N kò sí nílé. Bàbá ní kí Bàbá Ezekiel bá wọn kà á. Nígbà tí mo dé, èmi náà kà á, ohun kan náà ni mo rí. Ewu. Ọ̀rọ̀ kékeré kan tẹ̀ lé e, omi ti pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, sin. Lẹ́yìn náà, iyanrìn gbígbẹ. Ó wá kan orúkọ yín. Bàbá Ezekiel yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, “Alàájì, ewu ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti sin Yésúfù.”

Màmá ṣubú. Bàbá kàn ní, “Gáàsì ni,” wọ́n sì jókòó. Lọ́jọ́ kejì, Lèmọ́mù wá, wọ́n kírun òkú fún yín láìsí òkú níwájú wọn. Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Èmi ni mo kó aṣọ yín tó kù nílé fún àwọn tí wọ́n ní kí n kó o fún. Mo fi ọwọ́ mi kó o, ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìyẹn Mọ́ńdè, Bàbá ní àwọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rù ń bà wá láti fi wọ́n sílẹ̀, Màmá tẹ̀ lé wọn, Bàbá Ezekiel náà tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n ṣe dé Bẹẹrẹ, Bàbá yọ agolo kan láti àpò àyà wọn. Màmá ní, “Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?” Wọ́n ní, “Ibí yìí lọ́wọ́ rẹ̀ kàn kẹ́yìn.” Wọ́n fi ọ̀bẹ ha ìda rẹ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n sì dà á sí àtẹ́lẹwọ́ wọn bí ẹ ṣe kọ ọ́ nínú lẹ́tà.

Màmá ní ó dúdú bí tìróò. Wọ́n ní Bàbá gbé ọwọ́ sókè súnmọ́ ojú wọn, wọ́n ń wò ó. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pupa. Bàbá kò dà á nù! Màmá ń pariwo pé kí wọ́n gbọn ọwọ́, wọn ò gbọn ọ́n. Garawa omi tí wọ́n fi ń pa irin gbígbóná wà nílẹ̀, Màmá gbé e, wọ́n dà á lé ọwọ́ náà.

Ẹ ti mọ ìyókù, ẹ ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín. Ojú Bàbá ni iná náà ta lọ. Iyanrìn wà níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Ezekiel fi fìlà wọn bù ú, wọ́n ń sáré bù ú, òun ló pa iná náà. Ojú òsì Bàbá ti fọ́. Wọ́n ti di ojú ọ̀tún, dókítà kò tíì sọ pé yóò ríran, kò sì sọ pé kò ní í ríran. Ọwọ́ ọ̀tún wọn bó dé ọrùn ọwọ́. Apá Màmá náà jó, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ láti àárọ̀ di alẹ́ ni pé, “Èmi ni mo da omi.”

Mo ka lẹ́tà yín sí Bàbá létí ní ọsibítù. Wọ́n ní kí n tún ka ibi tí ọjọ́ wà. Mo ní, “Ọjọ́ kejìlélógún, wáyà ti lọ lánàá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́ nínú lẹ́tà fúnra wọn.” Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Omi ń jáde lábẹ́ ìdì ojú wọn, nọ́ọ̀sì wá lé mi jáde.

Ṣùgbọ́n Màmá kò gbà. Wọ́n ní ọwọ́ ìwé yín kọ́ nìyí, pé ó wọ́, pé bóyá ẹlòmíì ló kọ ọ́ kó lè tù wá nínú. Mo ṣàlàyé ti ìka yín, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí n béèrè ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lẹ́yìn àwọn àti ẹ̀yin. Kí ni wọ́n sọ sí yín létí ní ìdíkọ̀ reluwé Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ? Títí èsì á fi dé, wọ́n ní àwọn kò ní í bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀.

Bàbá ní kí n má sọ ti ojú wọn fún yín. Mo ti sọ ọ́.

Àbúrò yín,
Kúbúrá


Bámíńgáàmù.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹrin, 1968

Ìyá mi, Bàbá mi,

Mo wólẹ̀ níwájú yín. Kúbúrá, ka èyí sókè, kí o kọ́kọ́ kà á fún Màmá.

Màmá, ẹ sọ fún mi ní Dùgbẹ̀ pé ẹ ti fi ọ̀já tí ẹ fi pọ̀n mí sí ìsàlẹ̀ àpótí mi, lábẹ́ ẹ̀wù òtútù, pé kí n má jẹ́ kí Bàbá mọ̀, nítorí wọ́n á ní ẹ ń sọ mí di ọmọdé. Ó wà lórí ibùsùn mi báyìí bí mo ti ń kọ èyí. Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà. Mo wà láàyè. Ẹ bọ́ aṣọ náà, Màmá, mo bẹ̀ yín. Ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin lẹ da omi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí láti ọdún méje da omi.

Bàbá, ẹ dárí jì mí. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ ìyókù. Mo kọ ọ́ nígbà mẹ́ta, mo fà á ya. Ẹ béèrè ohun tó tọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ kò wọ inú ilé ìwé ju kíláàsì àwọn àgbàlagbà lọ. Èmi tí mo wà nínú yàrá náà kò béèrè. Mo fẹ́ kí ẹ rí mi bí ẹni tí kò bẹ̀rù. Ẹ dárí jì mí. Mo gbé iná sí yín lọ́wọ́ láti ọ̀nà jíjìn, mo ní kí ẹ wò ó.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ojú yín fún Hilda. Ó ní, “Bi bàbá rẹ bóyá ó gbà kí n kọ ìbéèrè rẹ̀ sára ògiri yàrá yìí.” Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ni wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ mi. Wọ́n lè lé mi. Bí wọn kò tilẹ̀ lé mi, mo fẹ́ máa bọ̀ nílé. Màá wá di ojú fún yín. Màá máa bá yín ṣiṣẹ́ ní Bẹẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí Kúbúrá sọ bí ojú ọ̀tún ṣe wà fún mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń dúró de ẹni tó ń pín lẹ́tà, bó bá sì dé, n kì í fẹ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ dárí jì mí.

Ọmọ yín,
Yésúfù


Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, 1968

Yésúfù ọmọ mi,

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, ojú kan ni mo sì fi ń wò ó, nítorí náà fara da àwọn ìlà mi tó ń gun òkè. Wọ́n ti tú ojú ọ̀tún. Ó ń ríran. Mo kí ọ, mo sì rí orúkọ rẹ bí mo ti ń kọ ọ́. Ìyá rẹ gbọ́ ti ọ̀já, ó pa igbe, ó wọ yàrá, ó wọ aṣọ Iléyá jáde láàárín ọ̀sán. Apá rẹ̀ ti jinná.

Kúbúrá fẹ́ bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo kọ̀. Wàá rí ìdí rẹ̀.

Inú bí mi sí ọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé o wà láàyè, inú mi dùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹrin inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. O ní o kò bẹ̀rù. Èmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ iná láti ọmọ ogún ọdún ń bẹ̀rù, ìwọ tí o dé ìdí rẹ̀ ní oṣù méjì kò bẹ̀rù. Ìyẹn ló dùn mí ju ojú lọ.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí, kí o sì fa ìwé yìí ya tí o bá kà á tán. Ìyá rẹ kò mọ̀ ọ́n, Kúbúrá kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní mo ṣí agolo nítorí ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ kàn kẹ́yìn. Òótọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo òótọ́. Èmi ni mo kọ ìbéèrè yẹn sí ọ, Yésúfù. Mo ti rí ìyẹ̀fun irin nínú iná ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mo ti ń fi ọ̀bẹ ha ìda náà, mo mọ̀ pé ó lè jó. Mo mọ̀, mo sì ṣí i. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pupa lọ́wọ́ mi, ìyá rẹ ń ké pé kí n gbọn ọ́n, mo gbọ́ ọ. Mo ní lọ́kàn mi pé bí ó ṣe rí fún ọmọ mi nìyí. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. N kò ronú kan ìyá rẹ rárá, n kò ronú kan garawa. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí láti ọjọ́ náà ju ẹ̀rù gáàsì lọ.

Nítorí náà, má kọ “ẹ dárí jì mí” sí mi mọ́. Ìwọ ṣe tìrẹ, èmi náà ṣe tèmi.

O fẹ́ wálé wá di ojú fún mi. Ojú kan tó mi. Mo lọ sí Bẹẹrẹ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo mú ìṣáná, n kò lè ṣá a. Mo gbé e padà sápò. Mo ti fi wẹ́dà sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń fi fáìlì gé báyìí, ọwọ́ òsì ti ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá lé ọ níbẹ̀, máa bọ̀, ilé rẹ nìyí. Bí wọn kò bá lé ọ, padà sínú yàrá náà. Ìwọ tí ẹ̀rù ń bà báyìí, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀ bí mo bá mọ̀ pé ìwọ ló ń ṣọ́ wọn níbẹ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé kó kọ ìbéèrè náà sára ògiri, kó sì kọ èsì rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Láti òní lọ, bí o bá ń kọ̀wé sí mi, ohun tó bà ọ́ lẹ́rù ni kí o kọ́kọ́ sọ, kí o tó sọ èyí tó dùn.

Má fi wáyà ránṣẹ́ sí ilé yìí mọ́ láé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó lo fẹ́ gbé. Ẹni tó ń pín wáyà kọjá lọ́jọ́rú, ilé ẹlòmíì ló ń lọ, ìyá rẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Mo lọ bá Lèmọ́mù ní Jímọ̀. Mo bi í léèrè pé ìrun òkú tí gbogbo wa kí fún Yésúfù, pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà tó kún ojúde yẹn, níbo ló wà báyìí? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n má dààmú, pé kò ṣòfò, pé Ọlọ́run á fi í pamọ́ dè ọ́ títí ọjọ́ rẹ á fi pé. Ó rò pé inú mi á dùn. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú níbẹ̀, Yésúfù, níwájú gbogbo àwọn tó ń jáde. Mo ní rárá. Mo ní kó bá mi gbà á padà. Mo ní n kò fẹ́ kó wà níbì kankan kó máa dúró dè ọ́. Ọkùnrin náà wo ojú mi kan, ó rí i pé n kò ṣeré. Ó jókòó padà sórí ẹní, ó ní kí n jókòó ti òun, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀mí gígùn rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Sàláúdéènì Àyìnlá